Akẹ́kọ̀ọ́ mi yege, èmi tí mo kọ́ ọ fìdí rẹmi

Inú ń bí mi, ẹ má sì ní kí n fara balẹ̀.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà n'Ígbògbò. Lónìí, wọ́n ní kí àwa tí à ń kọ́ni wá ṣèdánwò l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá a ṣì mọṣẹ́.

Bàbá tó ń dán wa wò ló wakọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí ò wakọ̀ rí. Ló bá kọrí sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. Kí n tó lanu, ẹsẹ̀ mi ti tẹ bíréèkì kejì tó wà lọ́dọ̀ mi.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹnu ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ ò yege."

Ló bá kan Sìkírátù. Òun náà ti ń kọ́ni báyìí, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ Sìkírátù yìí ní mọ́tò o. Nígbà yẹn, tó bá ti rí tírélà, ṣe ló máa ń dijú.

Mo wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, mò ń wò ó. Bàbá tún kọrí sí kẹ̀kẹ́. Sìkírátù ní, "Ẹ rọra sà, ẹ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún un gan-an nìyẹn.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ ní sùúrù báyìí?"

Sìkírátù yíjú sẹ́yìn, ó nawọ́ sí mi. "Ọ̀gá mi rèé, sà."

Títí di báyìí, mi ò tíì kí i kú oríire. Ẹnu yìí náà ni kò tún ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa lè kí i?