Fíìtì Márùn-ún Tí A Pè Ní Mẹ́jọ

Òórùn àmóníà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa ní Rayfield, nílùú Jos, nítorí ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ àwòrán ilé jáde kò mọ ohun mímu mìíràn. Àlejò tó bá wọlé yóò rò pé ọmọ jòjòló kan ti tọ̀ sára aṣọ níbẹ̀. Èmi ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́ ní tèmi. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n gbé ọkọ mi, tó jẹ́ tíṣà, láti Èkìtì wá sí Plateau, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń ya àwòrán ilé lórí bọ́ọ̀dù. Bí mo bá fi bíléèdì ha ìlà tí mo ṣì fà kúrò lórí bébà, ẹ ò ní mọ ojú ibẹ̀ mọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ, mo sì ti gbà pé mo ti di ọṣẹ pátápátá.

Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1980, ọ̀gá wa gbé kọ̀ǹpútà wọ ọ́fíìsì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀gá, ohun tuntun sì máa ń dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Ètò ìyàwòrán kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ́ ọ, nítorí èmi ni olórí yàrá ìyàwòrán. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Nígbà tó yá, ìka mi mọ ọ̀nà lórí àwọn bọ́tìnnì yẹn bí ẹsẹ̀ mi ṣe mọ ọ̀nà ilé wa ní Dogon Dutse. Àwọn ayàwòrán ọ́fíìsì mìíràn ń wá dúró lẹ́yìn mi láti wò mí. Mo wá ń rìn bí ẹni tó fúnra rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà.

Ohun tó jẹ́ kí ètò yẹn tètè bá mi lára mu ni pé kò gba àṣà bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi. O fa ìlà tán, ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ nọ́ńbà sí i. Àṣà kan sì wà tí gbogbo àwa ayàwòrán ń dá. Bí oníbàárà bá wá sọ lẹ́yìn tí àwòrán ti parí pé yàrá kan kéré, a kì í tún gbogbo ilé fà. Nọ́ńbà ni a máa ń pa rẹ́, a ó kọ tuntun, a ó sì fa ìlà kékeré kan sábẹ́ rẹ̀. Ìlà kékeré yẹn ń sọ fún bíríkìlà pé nọ́ńbà ni kó gbà gbọ́, kó má wo àwòrán. Àwọn bíríkìlà mọ̀ ọ́n, àwa náà mọ̀ ọ́n, ilé sì ń dúró. A tilẹ̀ máa ń fi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ bí a bá rí wọn tí wọ́n ń fi rúlà wọn àwòrán wò.

Báyìí ni mo ṣe ṣe ti ilé ìgbẹ̀bí tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Dadin Kowa. Olórí àwọn agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ wá bá wa ní ọ́fíìsì, obìnrin Oǹdó kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ó na ìka sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Fíìtì márùn-ún ni mo fa ìbú rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ mi, bí bẹ́ẹ̀dì méjì bá pàdé níbí, èwo ni yóò padà sẹ́yìn? Ṣé èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ni, àbí èyí tí orí ọmọ ti yọ?”

Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà di fíìtì mẹ́jọ lójú rẹ̀: mo pa márùn-ún rẹ́, mo kọ mẹ́jọ, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo ṣèlérí fún un pé mẹ́jọ ni wọn yóò kọ́. Ó gbàdúrà fún mi kó tó lọ.

Kò pẹ́ sí i ni ọ̀gá wa padà dé láti Kaduna. Ibẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà tí a jọ fẹ́ ṣe iṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí náà wà, ètò ìyàwòrán mìíràn sì ni wọ́n ń lò. Tiwa kò lè ka tiwọn, tiwọn kò lè ka tiwa. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wa, kò tíì bọ́ kóòtù òtútù ọrùn rẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó Tíṣà, láti ọjọ́ Ajé, tiwọn ni a ó máa lò. Ọkùnrin kan wà ní Kaduna tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí wọ́n bá fi ìpìlẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí yìí lélẹ̀ tí ọwọ́ rẹ kò tíì mọ̀ ọ́n, òun ni yóò jókòó sí àga olórí.”

Ó bọ́ sí yàrá rẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń ní kí wọ́n gbé tíì wá fún òun. Mo jókòó síbẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀, mi ò rántí pa á dé. Ohun tí mo fi ọdún gbáko kọ́, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi kí omi tíì rẹ̀ tó hó.

Ètò tuntun náà sọ mí di àgbàlagbà tó padà sí kíláàsì kìn-ín-ní. Nínú ti àtijọ́, o máa kọ́kọ́ yan ohun tí o fẹ́, kí o tó sọ ohun tí yóò ṣe sí i. Nínú tuntun, o máa kọ́kọ́ pàṣẹ kí o tó yàn. Ìka mi kò gbà rárá. Mo ní kó ṣe ẹ̀dà fèrèsé kan fún mi, ni gbogbo ògiri ẹ̀yìnkùlé bá pòórá. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún, mo bọ́jú, mo padà wá jókòó. Ọkọ mi ní kí n rọra, ó ní àṣìṣe kò kan ọgbọ́n. Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan wà lábẹ́ mi tí wọ́n bí sí Jos. Yorùbá rẹ̀ ń tiro, Hausa rẹ̀ ń sáré, ṣùgbọ́n ètò tuntun náà kò ṣòro fún un. Òun ni mo ní kó gbé ilé ìgbẹ̀bí bọ́ sínú rẹ̀. Ó tẹ́ bébà àwòrán wa sórí tábìlì ẹ̀rọ tó so mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ títí kọ̀ǹpútà fi gba gbogbo wọn. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi ránṣẹ́ sí Dadin Kowa, inú rẹ̀ sì dùn pé a ti bọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré ìpìlẹ̀, mo ṣí àwòrán náà láti fi kọ́ ọwọ́ mi. Mo débi ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí fíìtì márùn-ún, kò sì sí ìlà kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ọmọkùnrin yẹn ló ṣi nọ́ńbà kọ, mo sì pè é.

Ó ní, “Àǹtí, wallahi, mi ò kọ nọ́ńbà kankan. Òun fúnra ẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n. O fi ibi tí ìlà bẹ̀rẹ̀ hàn án, o fi ibi tó parí hàn án, shikenan, á kọ nọ́ńbà ẹ̀ fún ẹ.”

Mi ò tilẹ̀ rí àyè bá a wí pé “o” ló ń pè mí. Mo gba àṣẹ tó fi ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, èmi fúnra mi wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Márùn-ún. Mo tún wọ̀n ọ́n. Márùn-ún náà ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn àwòrán wa àtijọ́ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú, mo bá ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàrá tí mo pè ní méjìlá, mẹ́wàá ni. Ilé ìdáná tí mo fi ń yangàn kò tó ohun tí mo kọ sára rẹ̀. Irọ́ ni gbogbo àwọn ìlà yẹn ń pa láti ọjọ́ tí mo ti fà wọ́n, àwa ló sì ń fi nọ́ńbà bò wọ́n láṣìírí. Ètò tuntun yìí kò mọ àṣà wa, ohun tó rí ló sọ.

Mo sáré bá ọ̀gá, mo ṣàlàyé. Ó fi gíláàsì ojú rẹ̀ lélẹ̀ lórí tábìlì.

“Fíìtì mẹ́ta péré,” ni ó wí. “Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, wọ́n ti po kọnkéré. Má jẹ́ kí Kaduna gbọ́. Àwọn agbẹ̀bí á mọ bí wọ́n ṣe máa lò ó.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ti ṣèlérí fún màmá yẹn.”

“Ìyàwó Tíṣà, bí o bá lọ dá wọn dúró, ìwọ náà mọ ohun tí mo sọ nípa àga yẹn.”

Mo ti rò pé yóò dìde, kó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo sì ń wo àgbà tó wà lọ́jà lóòótọ́, tó ń mu tíì. Mo jáde, mo wọ takisí.

Nígbà tí mo dé Dadin Kowa, àwọn lébìrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru páànù kọnkéré sórí. Fọ́máànù, ọkùnrin Bìròm kan tí a ti jọ ṣiṣẹ́ tipẹ́, dúró sétí kòtò ìpìlẹ̀. Mo kí i, “Sannu da aiki,” mo ní kí wọ́n dúró, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò tọ́. Ó tú bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò, ó ní, “Madam, takarda ta ce biyar.” Bébà ní márùn-ún lóòótọ́. Mo ní kó má gba bébà gbọ́. Ó wò mí bí ẹni pé ọyẹ́ ti kọlù mí lórí, torí kò sí ọjọ́ kan tí mo ti sọ irú rẹ̀ fún un rí. Mo sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì mi, mo na téèpù, mo ní kó fojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀dì kan níhìn-ín àti òmíràn lọ́hùn-ún. Ó wá yíjú sí àwọn lébìrà, ó ní kí wọ́n gbé páànù sílẹ̀. Wọ́n di kòtò yẹn, wọ́n sì tún òmíràn gbẹ́. Kọnkéré tí wọ́n ti pò gan sílẹ̀ lójú wa.

Ọ̀rọ̀ náà dé Kaduna kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo ṣì ń retí pé ẹnì kan yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin Kaduna ló dé. Ó jẹ́ ọmọlúàbí, ó kí mi dáadáa, ó sì jókòó sí àga mi. Wọ́n gbé tábìlì kan fún mi lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ní kí n máa tún àwọn àwòrán àtijọ́ ṣe, kí ìlà àti nọ́ńbà wọn lè bára mu. Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn títí mo fi fi ọ́fíìsì náà sílẹ̀. Ó dùn mí. N kò ní purọ́ fún yín pé kò dùn mí.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìgbẹ̀bí náà, mo lọ wò ó, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn bí ẹni tó wá bẹ aláìsàn wò. Bẹ́ẹ̀dì kan ń lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, òmíràn ń bọ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n pàdé níwájú mi gan-an. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tì wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dùnkún tó wọ́n lọ́jà. Kò sẹ́ni tó dẹsẹ̀ dúró, kò sẹ́ni tó wo ògiri. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, mo sì fi ọwọ́ kan ògiri náà.

Mo ti darúgbó báyìí. Àwọn ọmọ mi ń pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà bí ẹni ń pààrọ̀ bàtà, kì í sì í ya ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin mi bi mí pé kí ni mo rí gbà fún àga tí mo jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé fíìtì mẹ́ta ni.