Ọmọrí Kànga Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fọ́

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo ba orúkọ bíríkìlà kan jẹ́ lójú àwọn ará ilé wa ní Máfòlúkù.

Ọmọrí kànga wa ló là. Bíríkìlà tó máa ń bá wa ṣiṣẹ́ ní òun yóò fi irú sìmẹ́ǹtì tuntun kan ṣe òmíràn. Ìdàrọ́ wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí tó máa ń ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Dípò kí wọ́n dà á nù, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì.

Ó ní, "Kì í tètè le o, Bàbá Tíṣà. Ẹ máa bu omi wọ́n ọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Mo gbọ́, n kò fi sọ́kàn. Nílé wa l'Ékìtì, ìṣó ni bàbá mi fi máa ń họ kọnkéré lọ́jọ́ kẹta. Bí ìṣó bá wọlé, iṣẹ́ náà ò dáa nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta tí bíríkìlà wa ṣe ọmọrí náà tán, èmi náà mú ìṣó. Ó wọlé. Mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà náà, mo sì sọ̀rọ̀ sí i níwájú àwọn ayálégbé.

"Ṣé o fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ já sínú kànga ni? Yanrìn lásán lo kó fún mi!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ni."

Ìyá ìbejì tó ń gbé yàrá iwájú bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Tíṣà, ọmọ ò tíì kọ ìdánwò tán, ẹ ti fún un ní òdo!"

N kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fọ́ ọ, ó sì fọ́ ọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ilé méjì ládùúgbò ti gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó tóbi jù nínú àfọ́kù náà wà lẹ́bàá ògiri, òjò ń rọ̀ sí i. Lẹ́yìn bí oṣù kan, mo fẹ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí n lè kó o kúrò. Òòlù ta padà lọ́wọ́ mi. Mo mú ìṣó, kò wọlé rárá.

Mo pe àwọn ayálégbé yẹn jọ, mo sì ránṣẹ́ pe bíríkìlà náà. "Iṣẹ́ rẹ dáa. Èmi ni mo kánjú. Má bínú."

"Ó ti tán, sà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ ọ́ lọ́hùn-ún náà."

Mo bá a lọ sí ilé méjèèjì. Ọ̀kan gbà á padà. Èkejì ti fi ẹlòmíràn parí iṣẹ́ tiwọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi ṣe àríkọ́gbọ́n. Bí oníṣẹ́ bá dá ọjọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ náà pé kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.