Ìbò Tí A Fi Ìṣó Dì Ní Ìkẹ́rẹ́

Ọdún kejì tí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. Nígbà yẹn, inú gbogbo ènìyàn ń dùn pé àwa náà ti ní ìpínlẹ̀ tiwa. Kọmíṣọ́nnà tuntun, mọ́tò tuntun, pátákó tuntun lójú títì. Àwa afọ́jú náà wá ní kí nǹkan tuntun kan kàn wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tí ẹ ń bi mí pé kí lẹ fẹ́ fi bíréèlì ṣe, ẹ jókòó kí n sọ fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì já lu ọ̀rọ̀ mi, mi ò ní sùúrù mọ́.

Bọ́lá lorúkọ mi, èmi ni mo ń gba tẹlifóònù ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Èèyi ló gba ojú mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bíréèlì, ìwé tí àmì rẹ̀ máa ń wú sókè tí a ń fi ìka kà. Mo tún wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mo ti jókòó dí ẹnu géètì nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà ẹ̀rù ọ̀gá kankan kì í bà mí.

Àwa afọ́jú Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré ní ẹgbẹ́ kan. Ní gbogbo Sátidé la máa ń pàdé nínú yàrá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní láti ojú fèrèsé yàrá yẹn, ènìyàn ń rí òkè Olósùnta kedere. Èmi ò lè jẹ́rìí sí ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òrùlé rẹ̀ ń jò.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ríran nínú ẹgbẹ́ wa ni Akọ̀wé Fọlárìn. Òun ló ń ka lẹ́tà fún wa, òun ló ń kọ èsì, òun náà sì ni alága. Bí ọjọ́ ìbò bá pé, kálukú á lọ sọ orúkọ ẹni tó fẹ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́, òun á kọ ọ́ sílẹ̀, òun á kà á, òun náà á kéde rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko, òun náà ló ń wọlé. Á ní, "Háà, ẹ wo bí ẹ ṣe fẹ́ràn mi tó!" Lọ́dún kan, mo fọgbọ́n bi ènìyàn mẹ́rìnlá léèrè ẹni tí wọ́n dìbò fún. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ní òun dìbò fún un. Gbogbo àwa afọ́jú tó ń dìbò ò sì ju mọ́kànlélógún lọ.

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ kíláàsì bíréèlì nínú yàrá náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ bíréèlì wọ́n bí ojú, ìjọba sì ti ṣèlérí kan fún wa títí ó fi sú wa láti máa béèrè. Mo wá gba ọ̀dọ̀ káfíńtà kan lọ ní Èmùré, mo ní kó bá mi fi ayùn gé ọpọ́n ayò sí méjì ní agbedeméjì.

Ó pariwo. "Àǹtí, kí ni ọpọ́n ayò ṣe fún yín?"

Nígbà tó gé e tán, mo ní, "Ka ihò tó kù."

Ó kà á, ó jẹ́ mẹ́fà, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Bí lẹ́tà bíréèlì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, ojú àmì mẹ́fà. Bí ọmọ ayò bá wà nínú ihò àkọ́kọ́ nìkan, A nìyẹn. Fi òmíràn sí ihò kejì, ó di B. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti ń ta ayò láti kékeré mọ lẹ́tà mẹ́wàá láàárín Sátidé méjì. Nígbà tó di ìwé kíkọ, ìṣó tí a ki bọ igi ni gègé wa, kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó nípọn ni ìwé wa. A máa ń tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì rọ́bà kí ìṣó lè ríbi wọlé. Ẹ̀yìn ìwé la ti máa ń gún un, nítorí náà a ní láti kọ lẹ́tà náà ní òdì, kó lè tọ́ tí a bá yí ìwé padà. Ẹni tó bá gbàgbé, D rẹ̀ á jáde bí F, nítorí àwọn méjèèjì jọ ara wọn, wọ́n kàn kọjú síra ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni Ìyá Sámúẹ́lì, opó kan láti Ìsẹ̀ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ le. Á gún ìwé bí ẹni ń gún iyán, ìwé á sì ya pẹ̀ẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ rọra." Á ní, "Uṣẹ́ ni mo mú un."

Akọ̀wé ò fẹ́ràn kíláàsì yẹn rárá. Ìwé onírorẹ́ ló ń pè é. Ó tún ní àga rọ́bà tó ń yá àwọn olóòkú, ó sì ń wá ibi tí yóò máa kó wọn sí. Ó là á mọ́lẹ̀ fún wa pé, "Bí mo bá wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, àga mi ló ń wọ yàrá yìí. Òjò ń pa wọ́n."

Mo ní, "Sà, àga rọ́bà ni. Òjò kì í pa rọ́bà."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ máa lọ kọ́ ìwé onírorẹ́ yín lábẹ́ igi."

Ohun tó gbé wa dìde nìyẹn. A fa Délé kalẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan tó ń hun apẹ̀rẹ̀, tó ṣèlérí pé kíláàsì ò ní kúrò níbẹ̀. A ní bíréèlì la ó sì fi dìbò lọ́dún yìí. Kálukú á gún D fún Délé tàbí F fún Fọlárìn, ẹnikẹ́ni ò ní sọ orúkọ sétí ẹnikẹ́ni mọ́. Akọ̀wé kọ̀ jálẹ̀. Mo kó gbogbo wa lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa, a jókòó dí ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá ò lè jáde lọ jẹun ọ̀sán.

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò fọkàn tán akọ̀wé yín?"

Mo ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá ń dìbò, ta ló máa ń bá yín tẹ̀ka?"

Nígbà tí ebi pa á dáadáa, ó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí Délé má fọwọ́ kan ìwé ìbò ẹlòmíràn o, nítorí ó gbọ́n lọ́wọ́. Nínú àwọn tó kù, èmi nìkan ni mo lè kà á geere. Bó ṣe di pé èmi ni màá ka ìbò nìyẹn.

Ọjọ́ ìbò pé. Ọ̀gá wẹ́fíà dé láti wá ṣe alábòójútó, ó bá afọ́jú mọ́kànlélógún tí wọ́n mú ìṣó dání, tí kálukú sì gbé ẹsẹ̀ sílípáàsì kan ṣoṣo síwájú. Mo gbọ́ tó fà sẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ fẹ́ gún?"

Ìyá Sámúẹ́lì ní, "Ẹni a bá fẹ́ ni. Ẹnìkẹ́ni kè gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n."

A dìbò. Kálukú lọ sí igun yàrá, ó gún tiẹ̀, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. A ti gé etí ìwé kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kí ìka lè mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìdákẹ́rọ́rọ́ wà níbẹ̀, àfi ìró ìṣó. Mo fẹ́ sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. D. F. D. D. F. Akọ̀wé ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń mí fìn-ìn fìn-ìn. Nígbà tí mo ka ogún ìwé tán, mẹ́wàá D, mẹ́wàá F. Ó ku ẹyọ kan. Mo mú un jáde nínú apẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé ó ya. Inú mi dùn, ẹ jọ̀ọ́! Ta ló tún ń gún ìwé ya ní gbogbo gúúsù Èkìtì bí kò ṣe Ìyá Sámúẹ́lì mi? Mo ti la ẹnu láti pe D kí ìka mi tó débẹ̀.

Ìka mi débẹ̀. F ni.

Orí mi gbóná. Mo ní ìyá yìí ti gbàgbé láti gún un ní òdì, D tó fẹ́ ló di F. Bí mo bá pè é ní D, ta ló fẹ́ jà mí níyàn? Délé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ihò lásán ni ọ̀gá wẹ́fíà ń rí. Akọ̀wé alára, ìrorẹ́ ló ń rí. Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin yìí fi ń ka ohun tó wù ú sí wa létí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ kà á padà fún un. Kíláàsì mi wà lábẹ́ ìka mi níbẹ̀, pẹ̀lú ọpọ́n àti ọmọ ayò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún rò ó pé bí mo bá ṣe é, èmi ni Akọ̀wé Fọlárìn tuntun nìyẹn, tèmi á tiẹ̀ burú ju tirẹ̀ lọ.

Níbi tí mo ti ń bá ara mi jà, Akọ̀wé ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gbé ohùn sókè. "Èmi ò gba èsì yìí! Màdàrú pọ́ńbélé ni! Wọ́n ti jí ìbò mi lójú mi kòrókòró! Ọ̀gá, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kọ́ọ̀tù ni mò ń lọ!"

Mo ní, "Sà, ẹ jókòó. Ẹ ti wọlé."

"Mi ò jókòó! Títí dé Àbújá ni màá gbé e… Kí lẹ wí?"

"F ni. Mọ́kànlá sí mẹ́wàá."

Délé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé sún mọ́ mi, ó ní kí n fi lẹ́tà òun han òun. Mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e lé orí F náà. Ó tẹ̀ ẹ́ títí.

Ó ní, "Mi ò mọ nǹkan kan lára."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ìka yín ló fọ́jú."

Nígbà tí a ń jáde, mo fa Ìyá Sámúẹ́lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ìyá, ẹ gbàgbé láti gún un ní òdì, àbí?"

Ó ní, "Kí ni mo gbàgbé? F ni mo fẹ́ gún, F ni mo gún."

"Ìyá! Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Bọ́lá, Sámúẹ́lì ọmọ mi wà ní Kàdúná, lẹ́tà tó ń kọ ránṣẹ́ sí mi, gègé ló fi ń kọ ọ́. Ta ní ń kà á fún mi? Fọlárìn ni. Bí a bá lé e lọ, ìwọ lo máa kà á ni? Ọdún gbogbo ni mo ń sọ orúkọ ẹlòmíràn sí i létí kí ìwọ má baà bínú bí o bá bi mí léèrè. Ìwọ lo sọ pé ọdún yìí, ẹnìkẹ́ni kè gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Báwo ni ìwọ ṣe wá mọ̀?"

Ojú tì mí. Nínú gbogbo ariwo tí mo ti pa nínú ẹgbẹ́ yẹn, mi ò bi obìnrin yẹn léèrè rí ohun tó fẹ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àga rọ́bà wọ yàrá títí kan àjà. Sátidé méjì la fi kàwé lábẹ́ igi. Lẹ́yìn ìyẹn ni Akọ̀wé wọlé tọ̀ mí wá níbi tí mo ti ń gba tẹlifóònù. Ó rọra fi bébà kan sí mi lọ́wọ́, ó ní wọ́n fi í sábẹ́ ilẹ̀kùn òun, òun ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ya níbi mẹ́rin.

Mo kà á síta fún un: "Fọlárìn, mo dìbò fún ọ nítorí lẹ́tà ọmọ mi. Mi ò dìbò fún àga. Kó wọn kúrò."

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Sístà Bọ́lá, ṣé ohun tó wà níbẹ̀ gan-an lẹ kà yẹn? Ẹ ò fi tiyín kún un?"

Ọdún mọ́kànlá ni ìbéèrè yẹn ti wà lẹ́nu tiwa. Mi ò dá a lóhùn. Mo jẹ́ kó dúró síbẹ̀ díẹ̀, kó mọ bó ṣe máa ń rí.

Ó kó àga kúrò lọ́jọ́ kejì. Ó fi ogún sílẹ̀ fún wa pé kí a máa jókòó lé e, orí wọn sì ni ọ̀pọ̀ yín jókòó kọ́ A àti B. Délé ò wọlé rí títí ó fi kó kúrò nílùú. Ẹ̀rọ tí ìjọba ṣèlérí ò tíì dé, mo sì ń dárúkọ rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé kí wọ́n má baà rò pé a ti gbàgbé. Gbèsè tèmi ń bẹ lọ́tọ̀, pé ó yẹ kí n ti kọ́ ọmọ Ìyá Sámúẹ́lì ní bíréèlì kí ìyá lè dá lẹ́tà rẹ̀ kà: ìyá kú kí ọmọ rẹ̀ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹlòmíràn ló ka gbogbo lẹ́tà ọmọ ìyá yẹn fún un títí tó fi lọ.

Ìwé ìbò rẹ̀ tó ya ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú Bíbélì mi. Bí wọ́n bá ń kéde èsì ìbò lórí rédíò, mo máa ń yọ ọ́, màá fọwọ́ kàn án, bóyá ó ti di D. F náà ni.