Ẹ Lanu, Kí N Rí I

Télọ̀ ni Abọ́sẹ̀dé ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo tètè ń sọ ọ́ torí pé gbogbo àdúgbò wa ní Agbowó n'Ìbàdàn ló ń pè é ní nọ́ọ̀sì, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kángun sí ibi tí mo ti ń dirun.

Àjọ kan láti òkè òkun ló kọ́ ọ níṣẹ́ tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀wù aláwọ̀ ewé àti owó ọkọ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé àwọn tó ní ikọ́ ife láràárọ̀, kó gbé oògùn fún wọn, kó sì dúró títí wọ́n á fi gbé e mì. Oṣù mẹ́fà gbáko ni. Ara máa ń yá kí oògùn tó parí, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí ẹni tára rẹ̀ yá kì í fẹ́ rí oògùn sójú mọ́. Abọ́sẹ̀dé ò gbà fún wọn. Bí wọ́n bá gbé e mì tán, á ní, "Ẹ lanu, kí n rí i." Àgbàlagbà á sì lanu gbàgà bí ọmọ ọwọ́.

Ògúnjìmí, dẹ́rẹ́bà tó ń kó èrò láti Challenge lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, wà lára wọn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìsinmi. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ó ti sanra, ó ti ń jágbe mọ́ agbèrò.

Oṣù kẹrin yẹn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù Abọ́sẹ̀dé: owó ti tán, iṣẹ́ ti parí, àjọ dúpẹ́. Oògùn ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọsibítù, ṣùgbọ́n aláìsàn ni yóò máa lọ gbà á fúnra rẹ̀. Wọn ò sọ fún aláìsàn kankan.

Inú bí Abọ́sẹ̀dé. Inú bí èmi náà bá a. Ó ní ó yẹ kóun lọ sọ fún Ògúnjìmí, ó kéré tán. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ pé, "Jókòó jẹ́ẹ́ sídìí ẹ̀rọ ẹ jàre. Ṣé ìwọ lo bí wọn ni? Wọ́n mọ ọ̀nà ọsibítù." Aṣọ iléèwé tó fẹ́ rán kún ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní tó bá di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀túnla, ó di oṣù márùn-ún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó Ògúnjìmí wá dirun lọ́dọ̀ mi. Ó ní ikọ́ ti padà, pé ọsibítù ní oògùn ti tẹ́lẹ̀ ò ràn án mọ́, àti pé Fikáyọ̀, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́rin, ti ń wúkọ́ báyìí. Abọ́sẹ̀dé gbọ́, ó ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ lọ sílé wọn.

Ọkùnrin náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ti gbẹ. Ì bá tiẹ̀ bú wa.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀," ló wí. "Mo retí yín títí níjọ́sí. Nígbà tí ẹ ò wá mọ́, mo sọ fún ìyá Fikáyọ̀ pé mo ti parí nìyẹn, pé ara mi ti yá lẹ fi fi mí sílẹ̀. A tiẹ̀ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A dárúkọ yín."

Abọ́sẹ̀dé sún mọ́ ọn, bóyá láti dì í mú. Ògúnjìmí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbórí sókè, ó sì lanu gbàgà fún un bó ti máa ń ṣe.

Kò sí oògùn kankan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.