Aṣọ Ẹ̀yìn Kọ̀ǹpútà

Kò sí ohun tó jókòó jẹ́ẹ́ nílé Christiana n'Íkẹ̀rẹ́ tí kì í ní aṣọ lórí. Àga ní, rédíò ní, kódà ìkòkò omi ní. Abẹ́rẹ́ àti òwú funfun kì í kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà, yóò máa hun ún títí oorun yóò fi gbé e lọ. Nítorí náà, nígbà tí Doyinsọ́lá ọmọ wọn fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ láti London, láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ tó rí ibi tí wọ́n ti ń tan án ni Christiana ti hun aṣọ fún un, tó bò ó dé ẹ̀yìn pátápátá.

Doyin lóyún àkọ́kọ́. Ó fẹ́ kí ìyá òun wá bá òun wẹ ọmọ, wọ́n sì ti gba ìwé ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀rù ọkọ̀ yìí ló wá di wàhálà fún Christiana.

"Èmi tí n kò gun igi rí, ẹ ní kí n gun òfuurufú? Ulé mi ni mo wà yí o!"

Akíndélé ọkọ rẹ̀, olùkọ́ jíógíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, kò bá a jà. Eré ọkọ̀ òfuurufú kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà, téèyàn fi ń wa ọkọ̀ lójú ẹ̀rọ. Ó ní kó wá jókòó ti òun, kó lè rí i pé ọ̀run kì í jẹ èèyàn.

Àmọ́ ọ̀run náà pọ́n dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Christiana ní ẹ̀jẹ̀ lòun rí. Akíndélé wò ó títí, ó wá rántí pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹgbẹ́ akọrin fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, irin òòfà inú rẹ̀ sì máa ń ba àwọ̀ ojú ẹ̀rọ jẹ́. Ó gbé e wọ yàrá, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ọ̀run sì mọ́ rokoṣo.

Ọkọ̀ gbéra. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀ tìkọ̀, ló bá dúró gbagidi lójú sánmà, kò lọ, kò bọ̀.

"Bó ṣe máa dúró nìyẹn?" Christiana dìde.

Akíndélé pààrọ̀ sitẹbiláísà tó ń tún iná mànàmáná ṣe. Ó dín igi inú eré kù, ó dín kùrukùru kù, kí iṣẹ́ ẹ̀rọ lè fúyẹ́, títí òkè inú eré náà fi pá bí orí ọmọ tuntun. Ọkọ̀ ṣì ń dúró.

Lọ́jọ́ Sátidé, Christiana fọ aṣọ kọ̀ǹpútà, ó sá a sórí okùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ọkọ̀ fò, ó fò, oorun sì gbé Christiana lọ lórí àga. Lójú àlá, ó rí òkè Òròlé ìlú wọn nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí òrùlé ilé rẹ̀ àti aṣọ funfun kékeré tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí okùn. Ẹ̀rù kò bà á rárá. Ó dùn mọ́ ọn débi pé inú bí i nígbà tó jí.

Ó ká aṣọ, ó tún fi bo kọ̀ǹpútà. Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ dúró. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó gbóná janjan. Ó yé e pé aṣọ ni. Ó sì panu mọ́, nítorí ẹ̀rù ojú ayé kò tíì lọ bí ti ojú àlá. Tí ọkọ̀ bá ń lọ dáadáa, àwáwí wo ni òun yóò fi sá fún ìrìn àjò? Àràárọ̀ ló ń tẹ́ aṣọ yẹn dáadáa, ọkọ rẹ̀ ń forí-fọrùn ṣe láti tún ẹ̀rọ náà ṣe, ojú sì ń ti obìnrin náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Akíndélé ti ibi tẹlifóònù dé.

"Mo ti sọ fún Doyin pé kó má retí rẹ mọ́."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n bi ọ́ bí wọ́n ṣe ń di orí ọmọ mú tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, kí ó má baà bọ́ lọ́wọ́ òun."

Omi bọ́ lójú Christiana. Ó lọ ká aṣọ náà kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà.

"Ẹ tan án, Bàbá Doyin."

Ọkọ̀ gbéra, ó ń lọ geere.

"Kí lo ṣe sí i?"

"Aṣọ ni kò jẹ́ kó mí."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Christiana ká aṣọ funfun náà sínú báàgì kí ọmọ lè fi bora, ó fi òrí àti kànìnkànìn lé e. Ó wá padà jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú pinpin.

"Ẹ máa wà á lọ," ló wí, "kí n rí ibi tí mò ń lọ."