Ọkọ̀ Tí Wọ́n Tò Sórí Ilẹ̀ Màmá

"Ìyàwó, ìgbà wo ni ọkọ̀ yín máa kúrò lórí sàréè mi?"

Alhaja Mùsílímátù ló bi Fèyísọ́lá ní ìbéèrè yìí, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995, bí Fèyísọ́lá ṣe ń sá aṣọ sórí okùn nínú ọgbà ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ háyà sí ní Agbowó. Màmá ló ni ilé. Wọ́n jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n ń run pákò. Bí wọ́n ṣe béèrè tán ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Fèyísọ́lá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ẹnu rẹ̀.

Kì í ṣe òwe ni Màmá ń pa. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ilé náà, láàárín ògiri àti géètì, sàréè kan wà tí wọ́n fi táìsì funfun bò. Alhaji, ọkọ Màmá, ló sùn síbẹ̀ láti ọdún 1986. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ilẹ̀ kan ṣẹ́ kù, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá ní gígùn, mẹ́jọ ní ìbú. Màmá fúnra wọn ló ra páànù tí wọ́n fi bò ó pọ̀ mọ́ ti Alhaji. Wọ́n pe àwọn ọmọ wọn jọ, wọ́n fi ọ̀pá wọn fa ilẹ̀ náà yí ká: "Ibí ni tèmi. Ẹ má gbé mi lọ sí ìtẹ́ òkú tí mi ò ti mọ ẹnì kankan." Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sá àgbàdo síbẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò so ewúrẹ́ mọ́ òpó rẹ̀.

Orí ilẹ̀ yìí ni ọkọ̀ Ayẹni wà.

Ọlọ́runtóyìn Ayẹni, ọkọ Fèyísọ́lá, ọmọ Èkìtì ni. Yunifásítì tó wà lódìkejì títì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń tún àwọn ẹ̀rọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ṣe. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ tí kì í kọ́kọ́ wò títí kó tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí òyìnbó olùkọ́ kan ń padà sílé lọ́dún 1992, ó fi àpótí igi ńlá méjì ta á lọ́rẹ. Ọkọ̀ ló wà nínú wọn, àmọ́ ọkọ̀ tí kò tíì di ọkọ̀: ara rẹ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe, tó pupa bí ata ṣọ̀mbọ̀, iná iwájú méjì, gíláàsì, bóòtù àti nọ́ọ̀tì nínú àpò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti ìwé kan tó ní àwòrán lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ni ín ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó nílé. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ní ẹsẹ̀. Ìwé náà ní kí èèyàn wá ọkọ̀ kékeré onígbá lẹ́yìn tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, kó ṣí èèpo rẹ̀ dànù, kó wá gbé ara pupa yìí lé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Èèyàn méjì ló máa gbà," Ayẹni sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Èmi àti ìwọ."

"Tómilọ́lá ńkọ́?"

"Ṣé ìwọ ò ní itan ni? Ó máa jókòó lé ọ."

Wọn kò ní ibi tí wọ́n máa tò ó sí. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, Ayẹni lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, Fèyísọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́ páànù yẹn ni. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá."

Màmá wò ó. "Ayẹni, ṣé o mọ̀ pé ilé mi nìyẹn?"

"Mo mọ̀, Màmá. Oṣù mẹ́fà péré ni."

"Èmi náà ò tíì ṣe tán tí mo máa kó lọ síbẹ̀. Kí ló dé tí ilé tó ṣófo ò ní ní ayálégbé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn le. "Ṣùgbọ́n mi ò fi háyà fún ọ o. Mo yá ọ ni. Ohun tí a bá yá, à ń dá a padà. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ẹ, mi ò ní lè ránṣẹ́ sí ọ ṣáájú. Òkú wa kì í sùn: ẹni tó bá kú láàárọ̀, ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú bá a lókè eèpẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Ìyàwó, ìwọ náà gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Àwọn méjèèjì ló gbọ́. Fèyísọ́lá nìkan ló gbé e sọ́kàn.

Oṣù mẹ́fà kọjá, ọdún kan kọjá. Ayẹni rí Ìjàpá kan tí igi wó lù ní Mọ́kọ́lá, wọ́n fi okùn fà á wálé. Ìwé ní kó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kó sì jó o pọ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ayẹni wọ̀n ọ́n kó tó gé e. Àlíù wẹ́dà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Ó jó apá ọ̀tún tán, ó ku òsì, NEPA mú iná lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni iná kò fi dé. Nígbà tó fi máa dé, irin náà ti fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, táyà ẹ̀yìn kan kì í kan ilẹ̀. Wọ́n tún un gé, wọ́n tún un jó. Ojú àpá náà ta kókó láàárín ọkọ̀ bí àpá ẹni tí wọ́n là níkùn.

"Ó ti gbà," Àlíù wí.

"Ó gbà," Ayẹni wí, "àmọ́ kò dá mi lójú. Màá fi irin míì gbè é lábẹ́ tó bá yá."

Ara fáíbà náà ti sán ní ibi méjì nínú àpótí. Oje tí wọ́n ń pò láti fi lẹ̀ ẹ́, tí Ayẹni rà ní Dùgbẹ̀, ó ti pẹ́ jù níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ó lẹ̀, kò gbẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń fà bí ilá, eṣinṣin ń lẹ̀ mọ́ ọn kú. Ayẹni fi ọ̀bẹ há gbogbo rẹ̀ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ń lọ síwájú. A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1994, ara pupa jókòó sórí ìsàlẹ̀, bóòtù kọ̀ọ̀kan wọ ihò tirẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó mọ̀ ọ́n. Fèyísọ́lá, tó jẹ́ télọ̀, ló rán àga méjèèjì, ó ki tìmùtìmù ti ọwọ́ òsì nípọn díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni awakọ̀ máa jókòó sí. Àwọn ará àdúgbò wá wòran. Àlíù ló kọ́kọ́ kó sínú ọkọ̀. Ó jókòó, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ wakọ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Bọ̀dá Ayẹni, ìlú wo lẹ ti fẹ́ máa wà á?"

"Ìlú wo, báwo?"

"Ihò sítíárìn yín. Ọwọ́ ọ̀tún ló wà."

Òótọ́ ni. Ìjàpá náà, ti Nàìjíríà ni, òsì ni gbogbo ohun tí awakọ̀ ń tẹ̀ wà. Ara pupa, ti ìlú òyìnbó níbi tí awakọ̀ ti ń jókòó sí ọ̀tún ni, ọ̀tún ni wọ́n dá ihò rẹ̀ sí. Ìdajì ọkọ̀ náà kò gbọ́ èdè ìdajì kejì. Ayẹni tí í wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, ọdún méjì ló fi tẹ̀ lé ìwé náà láti ojú ewé dé ojú ewé, tí kò bi ara rẹ̀ ní ìlú tí ìwé ti wá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ohùn Màmá ti wá. "Ọdún 1972 ni wọ́n ti yí ọwọ́ ọ̀nà padà kúrò ní ti òyìnbó. Ojú mi ló ṣe, Alhaji fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu màlúù lọ́jọ́ náà. Ayẹni, ọkọ̀ rẹ pẹ́ kó tó dé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú àwọn kan. Ayẹni náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ nìkan ló ń rín. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi sún mọ́ ọkọ̀ náà. Fèyísọ́lá kò sọ fún un pé òun ti rí ihò náà nígbà tí òun ń wọn àga. Ihò rédíò ló pè é.

Ayẹni dí ihò ọ̀tún, ó gbẹ́ òmíràn sí òsì, ó tú ohun tó ti tò, ó tún un tò. Ibi tó bá a dé ni Màmá ti ṣàìsàn. Ọyẹ́ ọdún náà wọ̀ wọ́n láyà, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ìwòsàn kan ní Jericho, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú ọrùn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà, Fèyísọ́lá kì í gbọ́ ikọ́ láti yàrá Màmá kí ojú rẹ̀ má lọ sí abẹ́ páànù.

"Bàbá Tómi, ẹ jẹ́ ká tì í bọ́ síta."

"Ìta ibo? Kí àwọn olè tú u jẹ?"

"Ẹ jẹ́ ká fúnra wa tú u, nígbà náà."

"Ká tú u! Fèyí, ó ku bíréèkì nìkan."

Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń kù. Lóṣù tó kọjá, wáyà iná nìkan ló kù.

Ìgbà yìí ni Màmá bi í ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Fèyísọ́lá di aṣọ tútù mú, ó ní, "Ó ku bíréèkì, Màmá."

"Bíréèkì! Kò tíì rìn, ẹ ti ń wá ohun tó máa dá a dúró." Wọ́n wú ikọ́, wọ́n fọwọ́ tẹ àyà. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti wálẹ̀. "Má lọ sọ fún ọkọ rẹ pé mo béèrè o. Ẹni tó bá ń fọkàn kọ́ nǹkan, a kì í lù ú lọ́wọ́."

Báwo ni yóò ti ṣe é? Bó bá sọ, ó dalẹ̀ Màmá. Bí kò bá sọ, ọjọ́ ń lọ. Ó sá aṣọ náà tán, ó tún ká a, ó tún un sá, kò sì mọ̀ pé òun ti sá a tẹ́lẹ̀.

Nínú oṣù kẹta, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà dáhùn. Orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ni ọkọ̀ wà, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń yí fìrì lófuurufú, èéfín bo sàréè Alhaji. Fáìzàh, ọmọ-ọmọ Màmá, dì wọ́n mú jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó, ó ń sáré! Kò kàn lọ síbì kankan ni." Ayẹni gbá Fèyísọ́lá mọ́ra lójú gbogbo ayé, ohun tí kò ṣe rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tú ẹsẹ̀ bíréèkì sílẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ìdájí Jímọ̀ lọ sí Èkó láti lọ wá èyí tó máa bá a mu.

Agogo mẹ́sàn-án Jímọ̀ náà ni Fáìzàh kígbe nínú ilé.

Kí ó tó di mọ́kànlá, Abdulmojeed, àkọ́bí Màmá, ti dé láti Challenge. Wọ́n máa kírun sí Màmá lára lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n á sì sin wọ́n. Àwọn agbẹ́lẹ̀ gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì dé, wọ́n dúró níwájú ọkọ̀ pupa, wọ́n ń wo ara wọn.

"Ìyá Tómi," Abdulmojeed wí, "Ayẹni ńkọ́?"

"Ó lọ Èkó. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé."

Ó wo ọkọ̀ náà lórí búlọ́ọ̀kù, ó wo táyà tó fara ti ògiri. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù. "Kò burú. Ìtẹ́ òkú wà. Màmá fẹ́ràn ọkọ yín, wọn ò ní fẹ́ ká ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ohun tí ẹ bá wí la máa ṣe."

Ì bá sàn fún Fèyísọ́lá ká ní ó bú u. Ìwà pẹ̀lẹ́ yìí gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà lé e lórí, kò sì sí ẹni tó lè bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wo àwọn àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó rí ọkọ rẹ̀ lójú ọkàn, ní Èkó, tó ń ná bíréèkì lọ́jà.

"Ilẹ̀ wọn ni," ó wí. "Ẹ gbé e kúrò."

"Ṣé Ayẹni ò ní bínú?"

"Ó máa bínú. Ẹ gbé e."

Ọkùnrin méjìlá ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí i ká. "Ẹ jẹ́ ká jọ dìde o!" Wọn kò jọ dìde. Àwọn tó wà níwájú ti yí sí ọ̀nà géètì kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó nàró. Ọkọ̀ náà lọ́, ojú àpá Àlíù là. Kò dún púpọ̀, bí ẹ̀ka igi gbígbẹ ló dún. Ara pupa wá tẹ̀ lé e, ó fà ya láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì. Àwọn ọkùnrin náà dúró gbọnin.

"Háà! Ìyá Tómi..."

"Ẹ máa gbé e lọ," Fèyísọ́lá wí. "Ẹ gbé ìdajì kan, kí ẹ padà wá gbé èkejì."

Nígbà tí ibẹ̀ ṣófo, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣa ilẹ̀ náà: bóòtù, nọ́ọ̀tì, ẹ̀rúnrún irin tí Àlíù gé sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́lẹ̀ ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ìyá, a máa wú gbogbo rẹ̀."

"Rárá. Irin wa ò gbọdọ̀ bá wọn wọlẹ̀."

Ó ṣà á tán, ó dì í sí etí ìró rẹ̀. Ó dìde, ó kúrò lọ́nà fún wọn.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Ayẹni ti géètì wọlé, ọ̀rá dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ìdajì ọkọ̀ lẹ́bàá ògiri, ó rí ìdajì kejì. Ó rí eèpẹ̀ pupa tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táìsì funfun.

"Wọn ò lè dúró dè mí?"

"Òkú wọn kì í sùn."

"Ta ló ní kí wọ́n gbé e?"

"Èmi ni."

Ó jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn búlọ́ọ̀kù náà, ó gbé ọ̀rá lé itan. Ó béèrè pé, "Ibo ló ti ya?"

"Ibi tí Àlíù jó."

"Mo fẹ́ fi irin gbè é."

"Mo mọ̀."

Abdulmojeed jáde láti inú ilé, ó wá dúró tì wọ́n. "Ayẹni, a dúpẹ́. Ìyàwó yín ṣe ohun tí a kò lè gbàgbé."

Ayẹni dìde, ó gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú," ó wí. "Màmá ló yá wa. Ohun tí a bá yá, à ń dá a padà." Ọ̀rọ̀ Màmá gan-an ni, ṣùgbọ́n ohùn náà dà bí ohùn ẹni tó ń ka àkọ́sórí.

Fèyísọ́lá tú etí ìró rẹ̀, ó da irin náà sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n tọrọ ilẹ̀ náà fún, ọdún méjì àti oṣù méje ni wọ́n lò lórí rẹ̀. Wọ́n ti dá a padà fún Màmá báyìí, kò ku ẹyọ bóòtù kan níbẹ̀.