Òrùka Irin Abẹ́ Cressida

Létí ọ̀sà ní Bàrígà ni Adéjìmí ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ará Ìlàjẹ, ọmọ náà kò sì tíì pé ọdún méjìlá tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi palẹ̀, tó ń tò ó padà. Nígbà tí bàbá kú, Adéjìmí fi àwọ̀n àti ọkọ̀ sílẹ̀ fún àwọn àbúrò bàbá rẹ̀, àpótí irinṣẹ́ nìkan ló mú. Ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ladi-Lak ní Bàrígà, ó gba fúrídọ́ọ̀mù, ó sì dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní àdúgbò kan náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Beatrice ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí èèyàn bá fẹ́ kí ọkọ òun dáhùn, àfi kó gbé ẹ́ńjìnnì wá.

Ó tó ọdún mọ́kàndínlógún báyìí tí Bọ́dúndé ti ọkọ̀ Cressida àtijọ́ bàbá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bọ́dúndé, òun àti Adéjìmí sì jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ní Bajulaiye, níbi tó ti ń tẹ kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó. Gbogbo ẹni tó ti rí ọkọ̀ náà ló ní kó tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Adéjìmí ṣí iwájú rẹ̀, ó wò ó títí.

"Pulọ́ọ̀gì mẹ́fà ni ẹ́ńjìnnì yìí," ló wí. "Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Má tà á."

"Ta ló fẹ́ tà á?" ni Bọ́dúndé fi dá a lóhùn. "Mo fẹ́ kó sáré ni."

Bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà. Wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn dànù, wọ́n yọ gbogbo ohun tó bá ti wúwo. Adéjìmí wá kábúrétọ̀ tòkunbọ̀ mẹ́ta tó bára mu, ó tò wọ́n kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè máa fún sílíńdà méjì lépo. Ojú ọ̀nà ẹ́sítéètì kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́lé sí, lọ́nà Ìkòròdú, ni àwọn tó fẹ́ràn eré ọkọ̀ ti ń figa gbága. Kò gùn: mítà irínwó, ọkọ̀ méjì, ọ̀nà tó gún. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e débẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó kó ọkọ̀ olówó ńlá wá ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu wọn tí Bọ́dúndé ti dé òpin. Láti ọjọ́ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọ́kà tó ń wá wòran ti ń pe ọkọ̀ yẹn ní Màmá. Bọ́dúndé ló ń wà á, Adéjìmí ló ń tún un ṣe.

Ọ̀pá irin gígùn kan wà lábẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń gbé agbára láti inú gíá lọ sí táyà ẹ̀yìn. Pùròpẹ́là ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Bó bá já lórí eré, ó lè ya ilẹ̀ ọkọ̀ wọlé bá ẹni tó jókòó. Ìdí nìyẹn tí Adéjìmí fi rọ òrùka irin kan tó nípọn, tó sì fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀, yí pùròpẹ́là ká. Bí ọ̀pá bá já, inú òrùka ni yóò máa jà sí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mùíz ránṣẹ́ pé òun ti tún ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣe fún eré, pulọ́ọ̀gì mẹ́fà bíi ti Màmá, òun sì fẹ́ bá wọn figa gbága. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń múra. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, gíá bàjẹ́. Adéjìmí tú òrùka kúrò kó lè ráyè sọ gíá kalẹ̀, ó gbé òrùka náà lé orí táyà kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Òjò rọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nígbà tó fi máa parí gíá, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó sùn sórí bẹ́ǹṣì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, níbi eré, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ láti wò ó bóyá ọ́ìlì ń jò. Ọ́ìlì ò jò. Ihò nọ́ọ̀tì mẹ́rin òrùka ló rí, òfìfo.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lórí yanrìn, ó ń gbọ́ ohùn Mùíz àti tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n dúró kí òun lọ mú un wá ní Bàrígà, ilẹ̀ á ti ṣú kí òun tó padà dé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa sá a. Pùròpẹ́là yẹn ò já rí. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó jáde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀.

Bọ́dúndé ti wọlé, ó ń so bẹ́líìtì. "Abẹ́ ńkọ́?"

"Abẹ́ dáa."

Màmá ló kọ́kọ́ fò síwájú. Nígbà tí Bọ́dúndé pa gíá dà lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan dún bí ìgbà tí wọ́n da irin sílẹ̀ látorí ilé. Ìdí ọkọ̀ gbéra sókè, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí lẹ́ẹ̀mejì. Adéjìmí ló kọ́kọ́ débẹ̀. Pùròpẹ́là ti ya ilẹ̀ ọkọ̀ wọlé, ó sì wà lórí itan Bọ́dúndé. Bọ́dúndé lajú sílẹ̀, kò ké.

"Mo tẹ̀ ẹ́ jù, Jìmí," ló wí. "Mo tẹ̀ ẹ́ jù."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Ti òsì wà, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò ṣeé ká mọ́.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Adéjìmí fi ń lọ sí Bajulaiye lójoojúmọ́. Òun ló ń gbé Bọ́dúndé lọ sí balùwẹ̀, òun ló ń bá a fá irùngbọ̀n. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi tó wá kí aláìsàn a máa dì mọ́ Adéjìmí, wọ́n á ní ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ ni. Bí wọ́n bá yìn ín báyìí, yóò wá iṣẹ́ lọ ṣe níta. Ó ti ju òrùka náà sínú ọ̀sà. Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Munirat ìyàwó Bọ́dúndé gbé omi gbígbóná tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ojú ọgbẹ́ wọlé bá àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì. Ó ti rẹ òun náà. Ilé ìtẹ̀wé wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ ju ẹsẹ̀ ẹ nù," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Bọ̀dá Adéjìmí ò rán ẹ pé kí o tẹ ọkọ̀ bíi wèrè."

Bọ́dúndé sorí kọ́. "Òótọ́ ni."

Adéjìmí gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀. "Òrùka ò sí lábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Òrùka wo?"

"Ti pùròpẹ́là. Mo tú u nítorí gíá. Mi ò dá a padà."

Munirat gbé omi sílẹ̀. Bọ́dúndé wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ́. "O gbàgbé ni," ló wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ sọ ẹrù kalẹ̀.

"Mo gbàgbé."

"Ìgbà wo lo wá rántí?"

Ìdáhùn kan wà tí ì bá tú u sílẹ̀. Bó bá ní ẹ̀yìn eré ni, kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Bọ́dúndé pàápàá ń fẹ́ ìdáhùn yẹn, ó hàn lójú rẹ̀.

"Nígbà tí mo wà lábẹ́ ọkọ̀," ni Adéjìmí wí. "Kí o tó bi mí pé abẹ́ ńkọ́."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé kejì ń lu ìwé lọ. Munirat jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, Bọ́dúndé fa aṣọ bo kùkùté ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé," ló wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, ìwọ àti ìwọ ni wọ́n ń pera wọn. Adéjìmí dìde, ó wá bàtà rẹ̀ títí kó tó rí i níwájú ara rẹ̀.

Nígbà tó sọ fún Beatrice, ìyàwó rẹ̀ ò bá a sunkún. "Kí ló dé tí o sọ ọ́?" ló bi í. "Bọ́dúndé ti gbà pé òun ló ṣe ara òun léṣe, ó ti ń gbìyànjú láti gbé e. Ìwọ wá sọ ẹrù tìẹ kalẹ̀, o gbé e lé e lórí." Títí di òní, Adéjìmí ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni Beatrice sọ.

Kò ṣe ọkọ̀ eré kankan mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, ó ń dá wọn padà. Ó ní ọkọ̀ àwọn èèyàn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ló kù tí òun ń tún ṣe.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, Munirat wá sí Ladi-Lak. Kò jókòó. Ó ní jẹnẹrétọ̀ ilé ìtẹ̀wé ti kọṣẹ́, oníṣẹ́ mẹ́ta ti wò ó tì, iṣẹ́ ńlá kan sì wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ kejì. "Kì í ṣe òun ló rán mi," ló wí. "Èmi ni mo wá."

Adéjìmí tẹ̀ lé e. Bọ́dúndé wà lórí àga gíga nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé, igi méjì tó fi ń rìn fara ti ògiri. Irun orí rẹ̀ ti funfun. Ó kí Adéjìmí pé ẹ kú iṣẹ́, ó sì ń bá ìwé gígé rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ gbéra, tí iná tàn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Munirat fún Adéjìmí lómi, ó mu ún lórí ìdúró. Ó ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Bọ́dúndé yíjú sí i.

"Ṣé ẹ ti dè é dáadáa?"

Adéjìmí ti dè é. Ó padà lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí jẹnẹrétọ̀, ó fi sípánà kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan, ó ń fún un. Méjìlá ni. Bọ́dúndé ń wò ó, kò gbójú kúrò títí ó fi kan ìkẹyìn.

"Ó ti le," ni Adéjìmí wí.

Bọ́dúndé mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan pé ó dáa, ó sì fa ìdì ìwé mìíràn sọ́dọ̀.